Pọ́díkáàsì Nínú Kíláàsì: Bí Ẹ Ṣe Máa Lò Ó Tí Etí Àwọn Ọmọ Yóò Fi Ṣiṣẹ́

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ á rí pọ́díkáàsì (ètò ohùn tí a ń gbà láti orí ayélujára) kan tó dára, á gbà á sórí fóònù, á gbé sípíkà wá sí kíláàsì, á sì tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn á ti gbórí lé tábìlì. Àwọn tó wà níwájú á máa wo ojú olùkọ́ bí ẹni ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí lẹni náà sọ, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ohùn ìṣẹ́jú 25 ni mo gbé wá fún àwọn ọmọ JSS 2 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tó sì parí, kò sí ọmọ kan tó lè sọ ohun mẹ́ta fún mi nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Èmi ni n kò fún etí wọn ní iṣẹ́ kankan ṣe.

Olùkọ́ tó ní kíláàsì ńlá, iná tí kò dúró sójú kan àti fóònù kan ṣoṣo ni mo ń kọ èyí fún. Ẹ̀kọ́ Yorùbá lórí ìsọmọlórúkọ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí òun ni mo ti ṣe jù. Ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìtàn lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Apá méjì ni iṣẹ́ náà: àwọn ọmọ á kọ́kọ́ gbọ́ tẹlòmíràn, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe tiwọn. Ẹ má fo apá àkọ́kọ́ o. Ọmọ tí kò tí ì gbọ́ bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dára ṣe ń lọ kò lè ṣe é.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù Android kan, èyí gan-an tí ẹ̀yin olùkọ́ ń lò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kì í gba àwọn ọmọ láyè láti mú fóònù wá, ẹ má sì torí iṣẹ́ yìí tẹ òfin náà lójú.
- Sípíkà tó ń lo Búlútúùtù tàbí mẹ́mọ́rì káàdì, kí ẹ ti gba iná sí i láti ilé.
- AntennaPod. Ọ̀fẹ́ ni áàpù yìí. Ó máa ń gba pọ́díkáàsì pa mọ́ sórí fóònù, ẹ ò ní nílò dátà nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ.
- Áàpù ìgbohùnsílẹ̀ tó bá fóònù wá. Ó tó.
- Kọ̀ǹpútà kan tó ní Audacity, áàpù tí a fi ń gé ohùn tí a sì fi ń tún un ṣe; ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìpele 6 lẹ máa lò ó sí jù, ẹ lè yá a.
- Íápíìsì olówáyà, aago, àti aṣọ ìró kan tó nípọn.
- Àṣẹ ọ̀gá ilé-ìwé, àti ìwé tí òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí pé a lè gba ohùn ọmọ òun sílẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, béèrè ìyọ̀ǹda òbí lórí dátà ọmọdé. Ẹ gba ìwé yìí kí ẹ tó gbohùn ọmọ kankan sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ gé ohun tí ẹ fẹ́ lò kúrú

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ẹ bá lọ títí, kó má ju márùn-ún lọ. Ẹ jókòó sílé, ẹ gbọ́ odindi pọ́díkáàsì náà tẹ̀yin ti bírò, kí ẹ máa kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀kọ́ yín bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nínú ohùn tó gùn tó ìṣẹ́jú 30 lórí ìsọmọlórúkọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti 11:20 sí 15:10 nìkan ni àgbàlagbà náà ti ń ṣàlàyé orógbó, oyin, omi àti iyọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni tiyín. Àwọn ìkíni, ìpolówó àti ẹ̀rín tó ṣáájú kò bá ẹ̀kọ́ lọ.

Bí ẹ kò bá rí èyí tó bá ẹ̀kọ́ yín mu, ẹ lọ bá olùkọ́ àgbà kan nílé-ìwé yín kí ẹ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lójú tèmi, èyí gan-an ló máa ń dára jù. Àwọn ọmọ mọ ohùn náà, ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń gbọ́ nílé ló sì ń sọ.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má ṣe mú ohùn tí orin ń dún lábẹ́ rẹ̀. Nínú íápíìsì, ó dùn. Nínú kíláàsì ọmọ 60, orin yẹn á gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀kì ilé-ìwé: ohun tí kò bá tí ì sí lórí fóònù yín nígbà tí ẹ ń kúrò nílé, ẹ kà á sí ohun tí ẹ kò ní.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọ ohun tí ọmọ máa mọ̀ lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ. Bó bá di gbólóhùn méjì, ẹ tún un gé.

Ìpele 2: Ẹ dán ohùn wò nínú yàrá náà

Ẹ dé kíláàsì kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ má gbé sípíkà sórí tábìlì olùkọ́ níwájú. Ẹ gbé e sórí àga ní àárín kíláàsì, kó ga díẹ̀ ju orí àwọn ọmọ lọ. Ẹ pa fáànù. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ sún ẹ̀kọ́ náà síwájú, kò sí sípíkà kékeré tó lè borí ẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kó sì ní ọ̀rọ̀ náà ní kíkọ lọ́wọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ dúró síbi ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ bá lè tún gbólóhùn kan sọ láìfi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ó ti tó.

Ìpele 3: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n gbọ́ ọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà gan-an. Bí pírọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ fún ìgbà méjì àkọ́kọ́, ẹ fi márùn-ún sílẹ̀ fún ìgbà kẹta. Ó ṣẹ́ ku 27 fún kíkọ, sísọ àti àtúnṣe.

*Ìgbà àkọ́kọ́: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di bírò mú.* Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó kí ẹ tó tẹ ohùn náà: "Ohun mélòó ni bàbá yìí dárúkọ?" Ibi tí a ti máa ń ṣì í ni pé a máa ń jẹ́ kí ohùn parí ká tó béèrè. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ń wá kò lè rí i.

*Ìgbà kejì: wọ́n á kọ̀wé.* Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Kí àwọn tó wà lápá fèrèsé kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó wà lápá ògiri kọ àdúrà tí wọ́n fi ohun náà ṣe. Orógbó: kí ọmọ gbó. Oyin: kí ayé rẹ̀ dùn. Omi: ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ohùn náà dúró fún 30 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó bá parí, apá fèrèsé ò ní àdúrà, apá ògiri ò ní orúkọ ohun tó pé; dandan ni kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kíláàsì á pariwo díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pariwo.

*Ìgbà kẹta: àmì ohùn.* Ẹ má tẹ odindi rẹ̀ mọ́. Ẹ lo gbólóhùn kúkúrú tí ẹ ti fi ẹnu ara yín gbà sílẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí ni mo máa ń lò:

Igba ni mo kà.
Igbá ni mo rà.
Igbà ni ó fi gun ọ̀pẹ.
Ìgbà ń lọ.

Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ wọ́n láìfi àmì sí i. Lórí ìwé wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún un tẹ̀, kí gbogbo kíláàsì máa kùn ún ní ẹnu pípadé: re re, re mí, re dò, dò dò. Ọmọ tí kì í fi àmì sí ibi tó yẹ á gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé ohùn gòkè níbì kan, ó sì wálẹ̀ níbòmíràn. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó mú bírò.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi ẹfun kọ àmì ohùn sójú pátákó, n kò tíì rí ohun tó yá ju èyí lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí olùkọ́ bá sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹfà, á yí i padà: á fà á gùn, á tẹnu mọ́ ọ̀kan, á fi ojú júwe ìdáhùn. Ẹ̀rọ kì í yí i padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ohùn kan náà ni.

*Ìkìlọ̀:* Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn náà falẹ̀ díẹ̀ fún wọn, nínú Audacity, "Change Tempo" ni kí ẹ yàn. Èyí tó ń yí eré àti ohùn pọ̀ á sọ ohùn di wíwúwo, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, á sì da etí àwọn ọmọ rú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gba ìwé márùn-ún, kì í ṣe ti àwọn tó mọ̀wé jù. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ní ohun gbogbo pẹ̀lú àdúrà rẹ̀, tí àmì sì tọ̀nà lórí gbólóhùn mẹ́ta ó kéré tán, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìgbà kẹta ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Ìpele 4: Ẹ múra àwọn ọmọ sílẹ̀ láti ṣe tiwọn

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún: ẹni tó ń béèrè, ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ aago, akọ̀wé, àti ẹni tó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ 60 jẹ́ ẹgbẹ́ 12. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ń gbohùn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ó sì wọnú sáà kan. Àwọn tó máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ wọn kì í ba ohunkóhun.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá àgbàlagbà kan tó fẹ́ sọ̀rọ̀: ìyá àgbà, bàbá àgbà, aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ á béèrè pé, "Ṣé wọ́n máa ń fi oyin sọ ọmọ lórúkọ?" Ìyá àgbà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè ohun tó ní ìtàn nínú: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe sọ bàbá mi lórúkọ? Kí ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ta ló kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀?" Márùn-ún péré ni kí wọ́n kọ. Kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe máa kí i, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún un, kí wọ́n tó yọ fóònù síta. Àgbàlagbà tí ẹ bá ti na fóònù sí lójú kò ní sọ ti inú rẹ̀ fún yín.

Kí wọ́n fi olùkọ́ ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún wọn ní ìdáhùn kúkúrú mọ̀ọ́mọ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa síwájú sí i."

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka ìbéèrè márààrún. Èyíkéyìí tí ẹ bá lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn, ẹ dá a padà.

Ìpele 5: Ìgbohùnsílẹ̀

1. Ẹ wá yàrá tó ní ibùsùn, aṣọ àti kọ́tìnì. Yàrá òfìfo tí ògiri rẹ̀ kò ní nǹkan kan máa ń dá ohùn padà. Ẹ jìnnà sí ilé ìdáná, ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.
2. Ẹ fi fóònù sí "airplane mode". Ìpè kan ṣoṣo tó bá wọlé lè ba iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú jẹ́.
3. Ẹ ká aṣọ ìró náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ gbé fóònù lé e. Aṣọ yẹn kò ní jẹ́ kí ìró ọwọ́ tó ń gbá tábìlì wọlé. Àlàfo tó wà láàárín fóònù àti ẹnu kó jẹ́ ìbú ìka ọwọ́ tí a yà, kó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kó má dojú kọ ọ́ gan-an, kí èémí má baà máa fẹ́ sí i.
4. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣe ìdánwò. Ẹ bi àgbàlagbà náà pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
5. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹ máa rí ìlò rẹ̀ ní ìpele tó kàn.

*Ìkìlọ̀:* Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí àgbàlagbà bá dánu dúró, wọ́n á sáré béèrè ìbéèrè mìíràn. Nínú ohùn kan tí ẹgbẹ́ kan mú wá fún mi, ọmọbìnrin tó ń béèrè ti mí kanlẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ èémí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan fọwọ́ kàn án, ó sì dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Àkùkọ kan kọ lókèèrè. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà ọjà ni ìyá òun bí òun sí, pé ìdí tí orúkọ òun fi rí bó ṣe rí nìyẹn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ẹ kọ́ wọn láti máa ka oókan sí eéjìlá nínú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, tí ìyá àgbà wà nílé, ẹ má gba ìpè WhatsApp sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń já. Ẹ bẹ ẹnì kan níbẹ̀ kó fi fóònù tirẹ̀ gbohùn ìyá sílẹ̀, kó wá fi fáìlì náà ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó dágbére, ẹ fi íápíìsì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Ìparí ni kí ẹ fiyè sí jù, nítorí bí àyè orí fóònù bá ti tán, ibẹ̀ lẹ máa mọ̀.

Ìpele 6: Gígé àti fífi pamọ́

Ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ibòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nínú Audacity, ẹ yan ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí gbogbo yín fi dákẹ́, ẹ lọ sí "Noise Reduction", ẹ tẹ "Get Noise Profile". Ẹ wá yan gbogbo ohùn, kí ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tẹ "OK". Ariwo tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ á dínkù. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta o. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ohùn á dà bí ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi.

Kí àwọn ọmọ gé e kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àríyànjiyàn wọn lórí ohun tó yẹ kó kù ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jókòó, kí ẹ máa gbọ́ wọn. Ẹ má bá wọn dá sí i àfi bí wọ́n bá fẹ́ gé ibi tí ìyá àgbà ti dákẹ́.

*Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù:* "Save Project" kì í ṣe ohùn. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .aup3 ló máa fún yín, Audacity nìkan ló sì lè ṣí i. Àwọn ọmọ máa ń gbé e sórí mẹ́mọ́rì káàdì, sípíkà á dákẹ́, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti sọnù. "Export" ni kí ẹ yàn, kí ẹ yan MP3, mono, 64 kbps. Ní ìwọ̀n yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ bíi 2.4 MB. Bí ẹ bá yan WAV, ó lé ní 25 MB, dátà òbí kò sì ní gbà á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé MP3 náà sórí fóònù tí kì í ṣe tiyín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún níbẹ̀, á dún níbi gbogbo.

Ìpele 7: Pípín in

Mẹ́mọ́rì káàdì, Búlútúùtù, tàbí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí. Kò pọn dandan kó dé orí ayélujára. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síbẹ̀, ẹ tún gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí àti lọ́wọ́ àgbàlagbà tó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yọ orúkọ ọmọ, orúkọ ilé-ìwé àti àdúgbò kúrò nínú ohùn náà. Ẹ má fi orin olórin kankan ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ lù ú fúnra wọn, ó tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹni tí kò mọ ilé-ìwé yín gbọ́ ọ: ṣé ó lè tọ́ka ibi tí ọmọ kan ń gbé? Bó bá lè ṣe é, ẹ tún un gé.

Ìpele 8: Máàkì

Ogún ni mo máa ń fún un: márùn-ún fún ìbéèrè, márùn-ún fún ohùn tó ṣeé gbọ́, márùn-ún fún bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe pín iṣẹ́. Márùn-ún tó kù wà fún ìṣẹ́jú kan nínú ohùn náà tí wọ́n dà kọ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ẹ má yọ èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ torí pé ó máa ń gba àkókò láti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà òun ṣeé kọ sílẹ̀ bí ti ìwé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé ohùn náà lọ sí kíláàsì JSS 1, kí ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan ju ìbéèrè kan lórí pátákó lọ. Bí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá bá lè sọ ohun tí ìyá àgbà náà sọ, ó ti yọrí. Kí ẹgbẹ́ náà wá mú ẹ̀dà kan lọ fún ìyá àgbà nílé, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí i létí.